Iná Bíréékì Ìyá Aláṣọ

Mo rántí ìgbà tí mò ń tún alùpùpù ṣe ní Dapoya, nílùú Ouagadougou, láyé ìjọba tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Révolution. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo àdúgbò jáde wá ṣiṣẹ́ ìlú, èmi náà á gbé ìgbálẹ̀. Mo máa ń bá wọn gbálẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń fi Mooré, èdè wọn, dápàárá, ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa ń rín. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Àárò ilé ló ń ṣe mí, kò sì sẹ́ni tí mo lè fi èdè mi sọ ọ́ fún.

Àfi ìyá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ òkè òkun lọ́jà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi, kò bèèrè orúkọ mi, oríkì mi ló bèèrè. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti yọ lókèèrè báyìí, "Àjàní!" ni. Inú mi á dùn títí di alẹ́. Bí kò bá yà, n ò ní gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ó ní kí n fi iná bíréékì kún ẹ̀yìn alùpùpù òun. Mo fi í sí i. Nítorí mo fẹ́ kó yìn mí, mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa kun gbogbo irin ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dán. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bó bá tẹ bíréékì, iná tuntun ò ní tàn, ti tẹ́lẹ̀ á wá ṣe bàìbàì. Mo pààrọ̀ gílóòbù, mo pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí. Ìyá á padà wá, á jókòó sórí àpótí mi, á máa ráhùn pé ọjà ò tà mọ́ látìgbà tí ìjọba ti ní aṣọ ìbílẹ̀ ni kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá jókòó tì mí, tí mo so bíréékì mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ mi ṣèèṣì ha ọ̀dà lára níbi tí mo de iná mọ́. Iná bíréékì ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ wá yé mi: ara irin ni iná ń gbà padà sí ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà mi ló dí i lọ́nà. Mo ha á dànù, mo de iná padà, ó sì tàn yòò.

Ìyá aláṣọ dìde, ó kì mí, ó kì mí dé ilé baba mi. Àwọn ará Dapoya dúró, wọ́n ń wò wá. Orí mi wú.

Lẹ́yìn náà ló ní, "D'accord, ó dáa. Ó kù kí n gbé alùpùpù yìí fún tíṣà tó fẹ́ rà á. Iná yìí nìkan ló ń dá wa dúró. Ilé yá, ọmọ mi. Lọ́la ni mò ń lọ."

"Ẹ ò sọ fún mi, Ìyá."

"Ẹnu mi ò gbà á ni, Àjàní."

Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi yanjú ohun tó ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn, tí mo sì ń yọ̀.

Kí èmi náà tó padà sílé, ìyá tó bí mi ti di ẹni ilẹ̀. Èmi náà ti darúgbó báyìí. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní ọ̀gá, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pè mí ní bàbá, wọn ò sì fojú di mí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó tún kì mí.