Iyọ̀ Tí A Fi Pamọ́ fún Ọmọ Ògúndáre

Ọjọ́ tí àwọn aláàárù ọ̀nà Oǹdó wọ Ìjerò, tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, tí a tú u tí ó jẹ́ ẹ̀tù ìbọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti dojú rú. Iyọ̀ ni mo ń tà. Òun ni mo ti ń tà láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, n kò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníyọ̀ fúnra rẹ̀ yóò máa jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Mo bi olórí àwọn aláàárù náà pé ẹrù tèmi dà.

“Yèyé, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Àwọn ológun ti gba gbogbo orí tí ó lè rẹrù lọ́nà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ru uyọ̀, àwọn á dà á sódò.”

“Ṣé ẹ̀tù la ó wá máa fi sebẹ̀ báyìí?”

Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó ti ẹrù rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọrùn.

Ogun ti pẹ́ nílẹ̀ nígbà náà. Àwa Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà wà níhà kan, àwọn Ìbàdàn wà níhà kejì, wọ́n tẹ̀dó síwájú ara wọn lórí àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ relé. Ogun yìí ni ó pa ọkọ mi. Ibùdó ogun náà ni ọmọ mi kan ṣoṣo, Ògúndáre, wà.

Ìyá ọkọ mi ni ó kọ́ mi níṣẹ́ iyọ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, nítorí náà Yèyé Ẹ̀fọ̀n ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń wọn iyọ̀, bí a ṣe ń ṣọ́ ìka oníbàárà ni. Ẹni tí ó fẹ́ ra iyọ̀ a máa tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a jà sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ a kọ́kọ́ ki ìka bọ ẹnu kí ó tutù, kí iyọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Yèyé Ẹ̀fọ̀n a gbá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dànù. “Kọ́kọ́ nu ùka rẹ gbẹ,” ni yóò wí, kò sì ní wojú ẹni náà. Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń tọ́ iyọ̀ wò láti orí igbá kìíní títí dé orí igbá tí ó kẹ́yìn lọ́jà, tí kì í sì í rà. Lọ́jọ́ kan Yèyé Ẹ̀fọ̀n ká aṣọ ọkùnrin náà sókè díẹ̀, iṣu sísun ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wulẹ̀ ní kí ó jókòó kó jẹun tán, kí ó má baà há a lọ́rùn.

Ó kọ́ mi pé òjò ni ọ̀tá oníyọ̀. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, yóò máa sun omi, owó ẹni ni ó sì ń kán sílẹ̀ yẹn. Àjà tí ó wà lókè ààrò ni a ń gbé e sí, kí èéfín lè máa fẹ́ sí i, a ó sì fi ewé gbígbẹ dí ẹnu ìkòkò. Ó tún kọ́ mi ní gbogbo ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú ilé, nítorí ó gbà pé ẹni tí kò mọ ìlò ọjà rẹ̀ kò lè tà á. Iyọ̀ ni a ń fi pa ẹran ìgbẹ́ lára kí a tó yan án, kí ìdin má baà wọ̀ ọ́. Òun ni a ń fi fọ ikun ìgbín kúrò. Bí eṣúṣú bá mú ẹni lẹ́sẹ̀ lódò, bí a bá ti wọ́n ọn sí i báyìí, á já bọ́. Eyín ń ro ọ́, fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu. Ewúrẹ́ rẹ kì í wálé lálẹ́, jẹ́ kí ó lá a díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, yóò máa mọ ọ̀nà ilé. Àwọn kan ní bí a bá bù ú sínú epo fìtílà, epo náà kì í tètè tán. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí bẹ́ẹ̀ wá rà á, mo ń tà á fún un. Èyí tí ó ga jù ni ọgbẹ́. Omi gbígbóná tí a fi iyọ̀ sí, tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ni a fi ń fọ egbò kí ó tó di kíkẹ̀. Yóò ta ènìyàn dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n yóò jinná.

Iyọ̀ kan wà nílé wa tí kì í ṣe ti ọjà. Bí oyún ìyàwó ilé bá ti hàn, àgbà obìnrin ilé yóò bu iyọ̀ sínú adému kékeré, yóò gbàdúrà sí i lórúkọ ọmọ tí ń bọ̀, yóò sì gbé e kọ́. Iyọ̀ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ọmọ yóò fi lá a, nítorí èèwọ̀ ilé ni. Ẹni tí ó bá bù nínú rẹ̀, ọjọ́ ayé ọmọ ni ó ń bù. Nígbà tí iyọ̀ fi wá wọ́n yìí, oyún ìyàwó Ògúndáre, Ìbíwùmí, ti yọ, adému rẹ̀ sì wà lókè ní yàrá Yèyé Ẹ̀fọ̀n.

Iyọ̀ ọjà tán pátápátá. Ó di pé kí a máa sun ìdì ẹyìn òfìfo àti màrìwò gbígbẹ. A ó kó eérú rẹ̀ sínú ajere, a ó máa da omi sí i, omi náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò nísàlẹ̀. A ó wá se omi ọ̀hún títí yóò fi gbẹ, ohun funfun rúbúrúbú kan yóò sì kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Iyọ̀ eérú ni. Èmi ni mo ń sè é tà. Ó ń korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju àtẹ́ lọ. Ó ń bó mi níka débi pé n kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Gbogbo ẹni tí ó rà á ni mo sọ fún pé inú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lò ó sí. Yèyé Ẹ̀fọ̀n kò bá mi dá sí iṣẹ́ yìí. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò sì jáde sí ibi ààrò mi rárá. Iyọ̀ òkun nìkan ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé Ògúndáre wọlé. Ọta ìbọn ti ha á ní ojúgun. Ọgbẹ́ náà kò jìn, èyí ni ó ń dùn mí títí dòní. Kò jìn rárá. Ṣùgbọ́n ó ti lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́nà, eṣinṣin ti bà á, etí ọgbẹ́ náà sì ti ń pọ́n.

“Yèyé mi, ẹ má sunkún,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe orí.”

Mo lọ bá Yèyé Ẹ̀fọ̀n ní yàrá. Mo kúnlẹ̀.

“Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù díẹ̀ nínú uyọ̀ adému yẹn. Mo á lọ wá òmíràn dí i.”

Ó fẹ́ràn Ògúndáre ju bí ó ṣe fẹ́ràn ọkọ mi, ọmọ inú rẹ̀, lọ, gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ tí ò tí ì dé ló luyọ̀ yìí,” ni ó wí. “Ṣé ká gba ti ọmọ fún baba ni? Bí ọmọ yìí bá wá kú ńkọ́, kí la ó sọ fún Ìbíwùmí?”

Èmi náà gbà á gbọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, kò sì sí ìyá ọkọ kankan nílùú wa tí ìbá dáhùn lọ́nà mìíràn. Mo dìde, mo lọ di gèlè mi, mo ní mò ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, níbi tí àwọn ẹlẹ́rù ogun ń gbà kọjá. Mo sọ fún Ìbíwùmí pé kí ó máa fi omi gbígbóná lásán fọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí màá fi dé.

Ní Àrámọkọ, mo kan ilẹ̀kùn gbogbo oníyọ̀ tí mo mọ̀. Òmíràn fọ́ ìkòkò rẹ̀ hàn mí kí n lè rí i pé àpáàdì náà kò ní iyọ̀ kankan lára mọ́. Wọ́n ti ń lá ìkòkò ní Àrámọkọ. Mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti wú. Ọ̀rẹ́ Yèyé Ẹ̀fọ̀n kan, arúgbó tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ nájà nígbà èwe wọn, ni ó ṣàánú mi. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ iyọ̀ díẹ̀ tí ó dì sínú ewé. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

“Kí ọmọ rẹ fi rìn,” ni ó wí. Mo fi orí kanlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Inú mi dùn bí mo ṣe ń padà bọ̀. Mo fi ewé ọ̀hún sí àárín ọmú mi, òjò kò sì kàn án.

Mo gbóòórùn ẹsẹ̀ náà kí n tó wọ yàrá. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ ni ó ti dúdú, awọ ara sì ń bó kúrò bí ìgbà tí a bó iṣu. Ìbíwùmí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀, kò lè wojú mi. Yèyé Ẹ̀fọ̀n ni ó wà ní ìdí ẹsẹ̀, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń nù ún tìfẹ́tìfẹ́.

“Àánú rẹ̀ ṣe mí,” ni ó wí. “Mo gbọ́ tí ń kérora. Mo ní kí Ìbíwùmí gbé uyọ̀ tìrẹ tí ó wà nídìí ààrò wá, mo sì fi ṣe omi fún un. Mo bù ú dáadáa. N kò ṣahun.”

“Yèyé, uyọ̀ eérú ni.”

“Uyọ̀ ni uyọ̀,” ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́nu, ó tọ́ ìkorò rẹ̀ wò, ó sì tún fi ọwọ́ náà kan ẹsẹ̀ Ògúndáre. Mo rò pé ìgbà yẹn ni ó yé e. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni ó ti ń dà á sí ọgbẹ́ náà, tí Ògúndáre ń ké, tí òun sì ń sọ fún un pé kí ó mú un mọ́ra, pé bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn bí ó bá ń woni sàn.

Mo fi iyọ̀ tí mo gbà ní Ẹ̀fọ̀n fọ ẹsẹ̀ náà títí ó fi tán. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ibà ti wọ̀ ọ́ lára. Oṣù Ìbíwùmí pé, ó bí, ọkùnrin ni. A gbé ọmọ lé Ògúndáre láyà, ó wò ó, ó fi ìka kàn án nímú, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ọmọ náà jọ bàbá òun. Mo ní ó jọ ọ́. Kí oòrùn tó tún wọ̀, Ògúndáre ti kú.

N kò bá Yèyé Ẹ̀fọ̀n jà. Kí ni n óò sọ? Ẹni tí ó sunkún jù mí lọ ni. Ṣùgbọ́n n kò tún jókòó tì í lọ́jà mọ́, òun náà kò sì pè mí. Nígbà tí ogun tán, iyọ̀ padà wálé, ó kún ọjà débi pé àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré. Mo tún ń tà á nítorí pé n kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ìyàwó kékeré a máa wá bi mí bí a ti ń fi í pa ẹran, bí a ti ń fi í fọ ìgbín, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn bí a ti sọ ọ́ fún mi. Bí wọ́n bá bi mí nípa ọgbẹ́, mo máa ń sọ ìyẹn náà, n ó sì ní kí wọ́n tọ́ iyọ̀ ọ̀hún wò dáadáa ná. Inú mi kì í dùn sí i. Àwọn kan máa ń ní iṣẹ́ ẹni ni oògùn ìbànújẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi, nítorí kò sí ọjà tí mo ná tí n kò fọwọ́ kan ohun tí mo wá tí n kò tètè rí.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Ìbíwùmí bí, a kó ọmọ jáde. Yèyé Ẹ̀fọ̀n sọ adému kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ, nítorí náà nígbà tí olórí ẹbí bèèrè orúkọ ọmọ, gbogbo ilé dákẹ́. Ìbíwùmí fi ojú pamọ́ sínú aṣọ. Yèyé Ẹ̀fọ̀n ni ó dáhùn.

“Babárínsá,” ni ó wí. Bàbá rí i, ó sá.

Ó fi ìka kan iyọ̀, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ó ní ayé rẹ̀ yóò dùn. Ọmọ náà lá a, ó tún ń yọ ahọ́n wá òmíràn. Wọ́n gbé adému náà yí ilé ká kí oníkálukú lè tọ́ ọ wò, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo inú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ìwọ̀n iyọ̀, mo sì rí i pé èyí tí ó wà níbẹ̀ ìbá fọ ẹsẹ̀ ọmọ mi títí yóò fi jinná, ìbá sì tún kù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.