Yàrá Mẹ́wàá, Ọmọ Márùn-ún

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbé yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà lẹ́yìn tóògéètì Ṣàngó, nígbà tí bàbá mi ní ilé oníyàrá mẹ́wàá nínú Ọ̀tà. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa bi mí pé kí ló dé. Èsì rẹ̀ ò gùn. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Èmi nìkan ni ìyá mi bí fún un kó tó kú. Ìyàwó kejì bí mẹ́rin, òun ló sì wà nínú ilé. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà tí èmi àti ẹ̀ jà lórí omi tí mo fi fọ aṣọ, ìjà tí kò tó nǹkan, àmọ́ tó ti ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Mo di ẹrù mi, mo jáde. Bàbá mi kò dá mi dúró. Ó kàn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n máa wá kí òun.

Mo sì ń lọ kí i. Ó fẹ́ràn láti máa sọ bó ṣe kọ́ ilé náà. Ọ̀ṣun ló ti wá, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló sì gbà á síṣẹ́. Ó ní igbó ni gbogbo àdúgbò wa nígbà náà, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì lè ra ilẹ̀ béèyàn bá ní sùúrù. Yàrá méjì ló kọ́kọ́ kọ́, ó kó wọ ibẹ̀ láì tíì sí fèrèsé, ó wá ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un títí ó fi di mẹ́wàá: márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Èmi náà, ilé iṣẹ́ ni mo wà. Bisikíìtì là ń ṣe, èmi ni mo ń yẹ páálí wò kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀. Mo kàwé jù ú lọ. Síbẹ̀, owó oṣù tirẹ̀ kọ́ ilé; tèmi, agbára káká ló fi ń san owó ilé.

Ọdún tí bàbá mi kú náà ni lánlọ́ọ̀dù mi pe gbogbo àwa ayálégbé jọ, tó ní ìlọ́po méjì la ó máa san látọdún tó ń bọ̀. Ẹnì kan bi í pé kí ló tún ṣe sí ilé náà. Ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kó jáde.

Nígbà tá a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti ìlú wa wá pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ó ní ìdí-igi lòun máa fi pín in gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa: ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ààbọ̀ ilé jẹ́ tèmi nìkan, àwọn àbúrò mi mẹ́rin á sì pín ààbọ̀ yòókù. Ó ní oníbàárà ti wà nílẹ̀ pàápàá, ọkùnrin kan tó ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó fẹ́ wó ilé náà kó lè mú àyè rẹ̀ gbòòrò sí i. Inú àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi dùn. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ló ń ṣe, ó sì fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ìyá wọn tẹ orí ba. Kí n má purọ́, inú tèmi náà dùn. Mo wò ó pé ọjọ́ ẹ̀san ti dé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá ajẹ́ǹtì kan lọ wo ilẹ̀ tí ààbọ̀ tèmi lè rà. A kọjá Ìjù, a tún ń lọ. Ọ̀dà títì tán, eruku bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò lè lọ mọ́, a sọ̀ kalẹ̀, a gun ọ̀kadà. Ìgbà tá a dúró, ewéko dé mi láyà. Ajẹ́ǹtì náà ní kí n má wo ti òní, ìlú ń bọ̀ níbẹ̀. Mo bi í pé mélòó ló máa kù lọ́wọ́ mi tí mo bá ra ilẹ̀ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ kan lèèyàn ń gbé ṣáájú èkejì.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ro àbúrò mi obìnrin tó kéré jù. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà náà. Bí ààbọ̀ ilé tèmi bá lè ra kìkì igbó yìí, kí ni ìdá kan nínú mẹ́jọ tirẹ̀ máa rà? Owó rẹ̀ á tán sínú yàrá tó bá háyà, á sì di ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́lé tí kò nílé. Gbogbo ohun tí bàbá wa fi ogún ọdún tò jọ ni a fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tú ká.

Nígbà tá a tún jókòó, mo ní mi ò fẹ́ ìdí-igi. Mo ní ká pín in lórí-ò-jorí: yàrá mẹ́wàá, ọmọ márùn-ún, yàrá méjì méjì. Mo ní kí yàrá ìyá wọn bọ́ sínú ìpín ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ta tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tà á síta, àwa ni kó tà á fún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí títí.

“Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ààbọ̀ ilé lo fẹ́ gbé sílẹ̀ yẹn o.”

“Bàbá, ààbọ̀ ilé tá a bá ti tà kì í ṣe ilé mọ́.”

Àbúrò mi púlọ́ńbà dìde, ó jáde. Ó ní mo ti ba ayé òun jẹ́. Ìgbà yẹn ni ìyá wọn tó sọ̀rọ̀, èmi ló sì dojú kọ.

“Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò rẹ,” ó ní, “mi ò ní ṣe é.”

Kò tọrọ àforíjì, kò sì sunkún. Àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tíì bá mi sọ tó wọ̀ mí lára bí ìyẹn. Lọ́yà kọ ìwé àdéhùn, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Àbúrò mi púlọ́ńbà ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn, kò wo ojú mi.

A ò lé ìkankan nínú àwọn ayálégbé tí bàbá wa gbà sílé. Bí ọ̀kan bá ti kó jáde fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú wa á bọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tó kàn mí, mo gba yàrá méjì tó wà lápá ẹ̀yìn, mo dá kọ́kọ́rọ́ lánlọ́ọ̀dù padà fún un ṣáájú ọjọ́ tí owó tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé ibo ni mò ń lọ, torí pé gbogbo ilé ló ti gbówó lórí.

“Ilé mi ni,” mo ní.

Mo fẹ́ kí ó tún bi mí kí n lè tún un sọ.

Iṣẹ́ wá kù. Ilé ìwẹ̀ kan ni gbogbo ilé ń lò, a sì fẹ́ kí yàrá méjì méjì ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Owó tí mi ò san fún lánlọ́ọ̀dù mọ́ ni mo fi ń ra bùlọ́ọ̀kù. A dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín, a ya ẹ̀yìn ilé sí ọ̀nà márùn-ún. A ti mọ ògiri tán, a wá ń wá púlọ́ńbà tí owó rẹ̀ kò ní pa wá, nígbà tí àbúrò mi yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lórí èjìká. Oṣù mẹ́ta ni a ò ti gbóhùn rẹ̀. Kò kí mi dáadáa. Ó wo ògiri lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fẹ́ kí páìpù gbà?”

Mo nawọ́ sí ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì, àti ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ títí omi fi yọ ní ẹ̀rọ márààrún. Kò gbàgbé òkè òkun. Ó ṣì ń lé e. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi yàrá rẹ̀ kan háyà fún ẹlòmíràn, ó sì ń tọ́jú owó náà fún ìwé àṣẹ ìrìn àjò rẹ̀.

Ọkùnrin onílé ìkẹ́rùsí tún padà wá lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú iye tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ ni gbogbo wa wà. Ìyá àwọn àbúrò mi ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní obìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó fún un ní omi mu, ó wá sọ fún un pé kó máa wá kí àwọn, àmọ́ kó má sọ̀rọ̀ ilé mọ́, nítorí àwọn tó ni ín ń gbé inú rẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ ṣì ń ta kora. Ó ní mi ò mọ ilẹ̀ gbá, mo ní ó ń dá sí ohun tí kò kàn án. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú eruku fúláwà lórí, ó ti bu oúnjẹ tèmi sílẹ̀ kí n tó wọlé. Àbúrò mi tó kéré jù ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń sùn nínú yàrá kan, ó gbé máṣíìnì sí èkejì tó kọjú sí títì, ó sì kọ “Aránṣọ” sára ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò sí lánlọ́ọ̀dù kankan láyé yìí tó mọ orúkọ rẹ̀.