Ẹni Tí Àgbo Tọ́ Sí

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé àgbo náà wá. Kórópe ló ń wà láti Ìkìrun sí Inísà títí dé Òkukù, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá yìí ń fi ìgò kan rán an sí mi, pé kí n lè lóyún. Abẹ́ àga awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kórópe wà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì ń gbé ìgò sí, gbígbóná ni àgbo fi ń dé ọwọ́ mi. Mo ń mu ún, inú ń bí mi. Kò sẹ́ni tó wo ti ọkọ mi. Ọkùnrin tó ń dá gbé àpò gààrí sórí ọkọ̀, kí ló máa ṣe é?

Nígbà tó sú mi, mo ní n kò mu ìkankan mọ́ àfi tó bá bá mi dé ọsibítù. Ó ń kùn, ó lọ. Wọn ò rí nǹkan kan lára mi. Dókítà ní àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú àtọ̀ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára láti lúwẹ̀ẹ́ débi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹ̀rọ wínníwínní lára tó ń pèsè agbára tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́," ni dókítà wí. "Tiyín ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ooru wà lára ohun tó lè bà á jẹ́. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Èmi ni mo dáhùn pé awakọ̀ kórópe ni, orí ẹ́ńjìnnì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Lójú ọ̀nà, ọkọ mi ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun gbọ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní àgàn káàkiri Òkukù! Mo ní, "Èmi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ fúnra wọn gbé ìgò wá sílé wa. Wọ́n da àgbo sí kọ́ọ̀bù, wọ́n nà án sí mi. Ọkọ mi gbà á.

"Màámi, tẹ́ẹ̀sì ọsibítù ti fi hàn. Èmi lọ̀rọ̀ kàn." Ó gbé e mu, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Màámi gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ó korò?"

"Ó korò gan-an, Màámi."

Wọ́n yíjú sí mi. Látọjọ́ tí mo ti ń mu ún, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó korò rí. Mo bú sẹ́kún.