Orin Tí Kò Dúró De Agogo

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú sí i kó bínú. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń lu agogo nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, ní London. Kí a tó ní kíbọ́ọ̀dù, agogo ti wà. Nígbà tí a ò tíì ní ibi tiwa, tí a ń yá gbọ̀ngàn ilé-ìwé lò, tí a máa ń kó tábìlì àwọn ọmọ kúrò nílẹ̀ kí a tó bọ́ bàtà, èmi ni mò ń gbé agogo náà lọ sílé nínú báàgì, èmi náà ni mò ń gbé e padà wá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, aṣáájú kọáyà wa tuntun pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n lọ sinmi.

Ó fẹ̀sọ̀ sọ ọ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, á ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Yorùbá ẹ̀ ń kọsẹ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ ti ṣiṣẹ́ fún Olúwa." Ó ní ìka mi ti wú, mo sì máa ń pẹ́ lẹ́yìn orin, àwọn akọrin á wá rò pé àwọn ló ṣìṣe. Ó ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ka ìlù sí wọn létí. Láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n wá jókòó láàárín àwọn ìyá àgbà lápá ọ̀tún, wọ́n á fún mi ní àga tó ní tìmùtìmù. Tìmùtìmù! Mo ní ó dáa, màá rò ó, mo sì gba ilé lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kí n dìde. Àdúgbò Gascoigne, ní Barking yìí náà, ni mò ń gbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé àtijọ́ tí mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, gbogbo èèyàn kó lọ, ó ku èmi nìkan lórí àjà kẹrin, mò ń fọ àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Mi ò kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n fún mi ní flátì tí mo ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ìjọ wa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti nǹkan. Àmọ́ ilé ni ilé ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jà fún ohun tí wọ́n sọ pé ẹ̀rọ lè ṣe, ìyẹn ni mi ò mọ̀.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti tú ọ̀rọ̀ náà jáde. Ilé-ìdáná ilé-ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ. Obìnrin ará Íńdíà kan ni a jọ máa ń dúró sídìí tábìlì kan náà, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti jọ ń bó kárọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, mo bó kárọ́ọ̀tì bí ẹni ń bá a jà, mo sì rojọ́ mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ fún un pé tí kò bá sí agogo, orin á ṣìnà, wọ́n á sì wá mi wá. Wọ́n á wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ó gbọ́ mi tán. Nígbà tí a ń fọ ìkòkò ló nu ọwọ́ ẹ̀, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú àpò kóòtù.

Ó ní orin àtayébáyé àwọn ará Íńdíà ni, ní Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ọjà East Street, àti pé òun náà á wà lórí pèpéle. Ẹnu yà mí. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sọ fún mi rí pé òun ń ṣe orin. Mo bi í pé kí ló ń lù. Ó ní òun kì í lu nǹkan kan, okùn mẹ́rin ni òun máa ń ta, bákan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi máa parí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni tèmi nìyí. Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù, ó ní Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ máa hanrun níbẹ̀ o.

Mo wọ ìró àti búbà tó ṣe é jáde, mo gba inú ọjà kọjá. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, wọ́n tan tùràrí sórí tábìlì kékeré kan, bàtà àwọn olórin sì wà lẹ́sẹẹsẹ nísàlẹ̀ pèpéle. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ó kéré tán, àwọn wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibi mímọ́. Ìlà kejì láti iwájú ni mo jókòó sí, torí mi ò wá láti jókòó sẹ́yìn.

Àwọn mẹ́ta ló jáde. Bàbá arúgbó kan tó fẹ́ kọrin jókòó sórí ẹní láàárín. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé ìlù gbọọrọ kan tó lójú méjì dùbúlẹ̀ síwájú ara ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn bàbá náà nínú sárì aláwọ̀ ewé, ó gbé nǹkan kan ró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn: akèrègbè ńlá ni ìdí ẹ̀, igi gígùn ni ọrùn ẹ̀, okùn mẹ́rin sì wà lára ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn náà, ó ń kùn bí ilé oyin. Bàbá pa ojú dé, ó mú ohùn kan láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó bẹ̀rẹ̀.

Mò ń retí ìlù. Bàbá ń fa ohùn, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kò sí ibi tó ń sáré lọ. Onílù gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò ó. Mo ní wọ́n ṣì ń tún ohùn ṣe ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí onílù ò mira, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn tó jókòó tì mí. Ẹni tó bá ti lu agogo fún ọdún mọ́kànlélógún, ara ẹ̀ kì í gbà á kó máa gbọ́ orin tó ń rìn kiri láìsí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú. Mo rò pé bóyá onílù àti bàbá ń bá ara wọn jà. Mo ní mi ò ní jókòó kí àgbàlagbà máa ṣìnà lójú mi. Irin àga tó wà níwájú mi, mo fi òrùka ìgbéyàwó mi kàn án. Kó. Kó. Kó-kó-ló.

Àánú ló ṣe mí, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Gbogbo ìlà iwájú ló yí orí padà. Ọkùnrin orí funfun kan ló jókòó sórí àga tí mò ń lù, ó yíjú sí mi, ó gbé ìka lé ẹnu. Kí n tó mọ̀, obìnrin tó ń fi àga han àwọn èèyàn ti tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bóyá màá fẹ́ lọ gba atẹ́gùn níta. Lórí pèpéle, ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó wò mí, ọwọ́ ẹ̀ ò sì dúró lórí okùn. Ojú tì mí débi pé òógùn bò mí. Ṣùgbọ́n inú bí mi ju bí ojú ṣe tì mí lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ẹnì kan á fẹ̀sọ̀ ní kí n dìde níbi tí mo jókòó sí. Mo ní, "Rárá o. Ibí ni mo jókòó sí." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ó sì yé e.

Mo wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn. Nígbà tí ọwọ́ mi ò ráyè ṣe nǹkan kan mọ́ ni etí mi tó là. Bàbá ò ṣìnà. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á mú ohùn kan, á yẹ̀ ẹ́ wò yípo, á fi í sílẹ̀, á mú òmíràn tó ga jù ú lọ díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka nǹkan kan fún un, síbẹ̀ kò ṣubú. Nígbà tó dé ibì kan lókè, tó sì dúró síbẹ̀, omijé bọ́ lójú mi, omijé ìbínú sì ni. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ fún aṣáájú kọáyà yẹn lọ́jọ́ kejì, bàbá arúgbó yìí ti sọ ọ́ di irọ́. Orin lè rìn láìsí agogo. Ó lè rìn dáadáa.

Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú kí onílù tó gbé ọwọ́ kúrò lórí itan. Bó ṣe lù ú, gbogbo gbọ̀ngàn mí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ka ìlù náà, wọ́n á pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ lórí itan, wọ́n á ju ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Mò ń wo ọkùnrin orí funfun yẹn, mo sì kà á pẹ̀lú ẹ̀: méjìlá ló ń pé kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ọwọ́ mi jáde, bí mo ṣe ń lu agogo tiwa, mo lù ú sórí itan mi láìjẹ́ kó dún, ó sì wọ inú ẹ̀ wẹ́kú. Bàbá àti onílù á pínyà, oníkálukú á máa bá tiẹ̀ lọ, wọ́n á tún pàdé lórí oókan, gbogbo èèyàn á ju ọwọ́ sókè, èmi náà á ju tèmi. Nígbà kẹta tí mo bá wọn débẹ̀, ọkùnrin orí funfun yí padà, ó mi orí sí mi. Mi ò rẹ́rìn-ín sí i. Mo ṣì ń bá a bínú.

Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n bu tíì fún wa nínú ife pépà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nítorí àga tí mo lù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, kó dá mi lóhùn. Mo bi í pé ká ní ó dìde kúrò lẹ́yìn bàbá yẹn, ṣé orin á dúró?

Ó ronú sí i. Ó ní kò ní dúró. Ó ní bàbá ní ẹ̀rọ kan nínú báàgì, kò ju búrẹ́dì kékeré lọ, tó lè máa kùn bí okùn mẹ́rin náà látàárọ̀ dalẹ́, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Kí lo wá ń jókòó síbẹ̀ fún?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, kò fi nǹkan kan kún un, ó sì bu bísíkíìtì jẹ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wọ sutánà mi, mo tètè dé. Wọ́n ti ti agogo bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àwọn akọrin. Mo wá a rí, mo nù ún, mo lọ jókòó sí àyè mi. Aṣáájú kọáyà wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, a ti sọ̀rọ̀ yìí." Àga onítìmùtìmù yẹn ń dúró dè mí lápá ọ̀tún, gbogbo èèyàn ń wò wá. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ǹ bá ti sọ fún un pé wọ́n á ṣìnà tí mi ò bá sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ lè kọrin láìsí mi. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lílù ni mo fẹ́ lù ú. Tí o bá fẹ́ gbà á, na ọwọ́, kí o gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò nawọ́. Ó padà sáyè ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìwọlé. Mo gbé agogo dání ní ẹsẹ̀ kìíní, mi ò lù ú. Mo fẹ́ gbọ́ wọn. Ẹ̀rọ ń ka ìlù sí wọn létí, wọ́n kọ ọ́ geerege, ó sì dùn, mi ò ní fi bò. Àwọn ìyá méjì kan bojú wẹ̀yìn wò mí, bóyá wọ́n rò pé mo ti gbà. Ní ẹsẹ̀ kejì, mo wọlé. Ìka mi pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ ọ. Mo lé wọn bá, mo sì lù ú títí orin fi parí.

Wọ́n ní àwọn alàgbà máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Kí wọ́n ṣe é. Tó bá di Sọ́ńdè, màá lu agogo.