Àbẹ̀kẹ́ Tó Gbé Omi Ìfọwọ́ Sẹ́nu Géètì

Yéè, Àbẹ̀kẹ́ o! Ó wá di kí n máa bá fọ́tò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ìwé ìrántí yìí mú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ nínú yín. Èmi ò mọ̀wé. Tóyìn ọmọ wa ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i.

Àbẹ̀kẹ́, o ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta ní Èjìgbò. Ní kílíníìkì tó o ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn níbí, ilẹ̀ lò ń nù, ìgbẹ́ aláìsàn lò ń dà nù. Àmọ́ nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, kò sẹ́ni tó mọ kòrónà tó ẹ. Mo ṣáà ti sọ pé wọn ò ní gbà á gbọ́.

Nígbà tí àìsàn yẹn dé, wọ́n pe dókítà àti nọ́ọ̀sì jọ sí yàrá kan, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ra. Wọ́n ní káwọn tó ń nulẹ̀ má wọlé, pé kò lè yé wọn. O ò bá wọn jà. O gbé ike omi ẹ, o ń nu ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo! O nù ún láti àárọ̀ títí wọ́n fi parí. Ibẹ̀ mọ́ débi pé dókítà tó kọ́kọ́ jáde yọ̀ ṣubú.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó jókòó síwájú pátápátá nínú yàrá yẹn ti ọ̀dọ̀ aláìsàn jáde. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní gúlọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi ṣílẹ̀kùn, ó fi gbé fóònù, ó tún fẹ́ fi bu búrẹ́dì jẹ. O ní, "Màdáàmù, ikọ́ ọkùnrin yẹn lẹ fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì o." Ó bú ẹ. Kílẹ̀ tó ṣú, ó wá ẹ wá sẹ́yìn ilé, ó ní kó o jọ̀ọ́, kó o fi bí wọ́n ṣe ń bọ́ gúlọ́ọ̀sì han òun. O fi hàn án. Ìgbà tó o délé lo tó rẹ́rìn-ín.

Ní Kúmásì Rémbúlè, àdúgbò tá à ń gbé ní Àbíjàn níbí, ìdílé mẹ́jọ ló wà nínú àgbàlá wa. O gbé ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ sẹ́nu géètì, o gbé ọṣẹ tì í. Pásítọ̀ wa fọwọ́ kó tó wọlé, lánlọ́ọ̀dù fọwọ́. Tàǹtí Àfúwé, ọmọ ẹ̀yà Baúlé tó ń pè mí ní Tọ́ńtọ́n, tó ń ta àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀yin Nàìjíríà ti gba àgbàlá mọ́ àwọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, òun ló ń ṣọ́ ọṣẹ.

Èmi ọkọ ẹ nìkan ni mò ń yọ́ wọlé.

Táyà ni mò ń lẹ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé itọ́ la fi ń wò ó bóyá fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà ń jò. A á fi itọ́ kàn án, tó bá ti hó, ó ń jò nìyẹn. O ní kí n yéé, kí n máa fi omi ọṣẹ wò ó. Mo ní ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò kọ́ mi ní ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ takisí kan tó ń wúkọ́ ti fi itọ́ sórí fáàfù ẹ̀ fúnra ẹ̀ kí n tó dìde, ó ní òun ń bá mi ṣe é kó yá. Mo tú fáàfù yẹn. Ọwọ́ mi méjèèjì kún, mo bá fi eyín dì í mú, bá a ṣe máa ń ṣe. Táyà ẹ̀ ò jò mọ́ ṣá.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fi mú mi. Mo ní eruku ni. O wò mí, o ní, "Bàbá Tóyìn, mo mọ ikọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò." Mo ní tí wọ́n bá fi mọ́tò ilé ìwòsàn gbé mi, kò sẹ́ni táá gbé táyà wá bá mi mọ́ láéláé. O bẹ̀ mí, bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí aláìsàn dá yàrá sùn, yàrá kan ṣoṣo la sì ní. Lo bá so bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sáàárín. Ìwọ wà lápá ilẹ̀kùn, èmi wà lápá ògiri. O ní, "Ẹ má ṣí aṣọ yìí o, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, òtútù mú mi bí adìẹ tójò pa. Mo ṣí i. Mo ní kó o wá dì mọ́ mi. O mọ ohun tó wà níbẹ̀ ju dókítà lọ. O wá.

Mo dìde, ìwọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo rí, mi ò rí ojú ẹ. Wọ́n sin ẹ́ láìsí wa níbẹ̀. Nígbà yẹn wọn ò jẹ́ kéèyàn péjọ, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè sunkún. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yẹn ṣì wà lórí okùn. Mi ò lè tú u. Mò ń jí, mò ń lẹ táyà, mò ń sùn lápá ògiri. Wọ́n ní yóò tán lára mi. Kò tán.

Lọ́jọ́ tá a gbọ́ pé o ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ti àdúgbò Síporẹ́ẹ̀sì dé. Wọ́n ní kílíníìkì ló pa ẹ́, ká lọ fọ́ ọ. Mo ṣíwájú wọn. Mo mú irin tí mo fi ń ṣí táyà dání, ariwo mi ló pọ̀ jù. Tàǹtí Àfúwé ń fọwọ́ lẹ́nu géètì. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní:

"Tọ́ńtọ́n, ìwọ lo kọ́kọ́ wúkọ́."

Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé irin sílẹ̀.

Sùn o, Àbẹ̀kẹ́, sùn ire. Omi wà nínú ike ẹnu géètì. Èmi ni mò ń pọn ọ́n.