Asẹ́ Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Dá Padà

"Mọ́mì, kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Kẹ́misọ́lá nígbà tó bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó dé Berlin. Nínú yàrá kan ní àdúgbò Neukölln ni, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ìrẹsì sì wà níwájú rẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ wo ọmọ, ó wo abọ́, ó ní, "Jẹun, kó má baà tutù." Kẹ́misọ́lá jẹun. Kò béèrè mọ́. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó wọ mọ́tò lọ bá bàálù. Kò dágbére fún un. Bí ọmọ bá rí i pé ó ń lọ, á sunkún, bó bá sì sunkún, ìyá kò ní lè lọ. Bí gbogbo ilé ṣe wí nìyẹn. Nítorí náà, ó rán ọmọ níṣẹ́. Kí ọmọ tó dé, ó ti lọ. Ọdún méje ni wọn ò fi fojú kan ara wọn.

Kẹ́misọ́lá ti di abiyamọ báyìí. Steilshoop ní Hamburg ló ń gbé, ní àjà keje, òun àti Matthew ọkọ rẹ̀ àti Phoebe ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Bí ìyá bá dé, á kúnlẹ̀ kí i, á gbé oúnjẹ tó gbóná síwájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe: kò tíì fi Phoebe sílẹ̀ fún un rí, kódà fún wákàtí kan. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra mílíìkì, á gbé ọmọ dání.

"Ẹ sinmi, Mọ́mì. Ẹ ti rìnrìn àjò."

Ayọ̀níkẹ́ á jókòó, á sinmi. Kò lè sọ pé ó dun òun. Bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú ló máa ń rí: èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ní ọmọ lòun mọ̀ ọ́n tọ́. Ní ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, òun ló ń di ọmọ mú nígbà táwọn ìyá wọn bá ń gbàdúrà, kò sì sí èyí tó ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òṣìṣẹ́ Jugendamt, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, fetí sí i dáadáa. Obìnrin náà ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ di Tagesmutter, tó fẹ́ máa gba ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé rẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Kó mú ìwé wá pé òun gbọ́ èdè wọn. Kí ọlọ́pàá kọ̀wé pé kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, kí dókítà kọ̀wé pé ara rẹ̀ le. Wọ́n á wá sílé rẹ̀ wo ihò iná mànàmáná lára ògiri àti ibi tó ń kó oògùn sí. Lẹ́yìn náà, á jókòó ní kíláàsì fún ọ̀ọ́dúnrún wákàtí.

"Ọ̀ọ́dúnrún!" ni Bukky, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bukky ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí, ó sì fẹ́ fi iṣẹ́ irun sílẹ̀. "Àǹtí mi, mi ò lo tó bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ irun dì o."

Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ọmọ tí kò mí mọ́. Ọmọláńgidi oníke ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ayọ̀níkẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á lẹ́nu.

"Ẹ rọra o," ni Bukky sọ sí i létí. "Ẹ má dá a léegun ìhà. Wọn ò tíì sanwó ẹ̀ tán."

"Panu mọ́. O ti jẹ́ kí n ṣì í kà."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wẹ ọmọ kí wọ́n tó bí Jasmin!"

Jasmin ni olùkọ́ wọn, kò sì tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn láì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Jasmin ló kọ́ wọn ní Eingewöhnung, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tuntun mọlé. Ìyá á bá ọmọ jókòó fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá tó àkókò láti lọ, á sọ fún ọmọ pé òun ń lọ, á sọ ìgbà tí òun ń bọ̀, ọmọ á sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá sunkún, kó sunkún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ lọ. Ayọ̀níkẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ilà sí i nídìí.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ nílé Tagesmutter kan, ó ṣe é. Ọmọ tuntun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Déọlá. Ìyá ọmọ náà ti pẹ́ fún iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ti lé ròrò sí i lójú. Onílé wà ní kíṣìnnì. Ayọ̀níkẹ́ ṣẹ́jú sí ìyá náà pé kó máa lọ, ó sì mú ṣíbí onígi kan.

"Déọlá, bá mi gbé èyí fún bèbí oníke tó wà lójú fèrèsé yẹn."

Déọlá gbé e lọ, ó jíṣẹ́, ó sáré padà tayọ̀tayọ̀. Àga ìyá rẹ̀ ti ṣófo. Kò sunkún. Ó wo àga náà. Lẹ́yìn náà, ó padà síbi fèrèsé, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ bèbí, ó gbé e wá fún Ayọ̀níkẹ́, bí ẹni tó rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ò jẹ́ dáadáa.

Ayọ̀níkẹ́ gba ṣíbí náà. Fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Jasmin ní kíláàsì.

Jasmin kò bínú. Ó bi í pé, "Kí lẹ rò pé Déọlá kọ́ lónìí?"

"Pé kó má jẹ́ iṣẹ́ mọ́," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. Bukky pàápàá kò rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kẹta, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè ìdánwò, wọ́n sì fún un níwèé. Ó pe Hamburg.

"Ẹ kú oríire o, Mọ́mì! Ọmọ mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbà?"

"Márùn-ún."

Kẹ́misọ́lá tún un pè. "Márùn-ún," ló wí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ayọ̀níkẹ́ wọ rélùwéè lọ kí wọn. Ó jẹun, ó sinmi. Nígbà tó di aago mẹ́rin, tó fẹ́ máa lọ, Kẹ́misọ́lá bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo ti tan tẹlifíṣọ̀n fún un," ló rọra wí. "Ẹ tètè yọ́ lọ, kó má baà sunkún."

Ayọ̀níkẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì padà sí pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Phoebe pẹ̀lú orúnkún yẹn.

"Phoebe, màmá ń lọ sí Berlin. Sátidé tó ń bọ̀, màmá á padà wá."

"Nein!" Phoebe ní rárá, ó bú sẹ́kún, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Ayọ̀níkẹ́ dúró tì í. Kò ja aṣọ gbà.

Kẹ́misọ́lá wá gbé ọmọ. "Ẹ ò rí i báyìí, Mọ́mì? Kí lẹ sọ fún un fún?"

"Asẹ́ lo gbé lọ́wọ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"Lọ́jọ́ tí mo lọ. O béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan. Mo ní kí o gbé asẹ́ lọ dá padà fún Ìyá Síkírù. Bí o ṣe yà níbi kànga, mo wọ mọ́tò."

Kẹ́misọ́lá ń fọwọ́ lu ọmọ lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Ìyá Síkírù ní asẹ́ òun kọ́."

"Tiwa ni. A ò yá asẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo ojúlé ni mo gbé e dé. Mo rò pé mo ti gbàgbé ilé tí ẹ rán mi ni."

"O ò gbàgbé. Mi ò rán ẹ sílé kankan."

Phoebe ṣì ń sunkún. Kẹ́misọ́lá wo ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo aago. "Bọ́ọ̀sì tó máa gbé yín dé ibùdó rélùwéè ò ní pẹ́ dé," ló wí. Ó gbé ọmọ tẹ̀ lé e dé ẹnu lífìtì, wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Nínú lífìtì, Ayọ̀níkẹ́ ń dúró kí nǹkan fúyẹ́ lára òun. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń ro ó. Ó ti san gbèsè ìbéèrè ọdún méjìdínlógún. Kẹ́misọ́lá ti gbà á. Kò dúpẹ́, kò sì sọ bóyá gbèsè ṣì kù.