Ọjọ́ tí a Tukọ̀ lórí Títì

Ibì kan wà láàárín Bàrígà àti Ṣómólú tí òórùn méjì ti máa ń pàdé. Ìwọ náà á rántí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Atẹ́gùn láti ọ̀sà máa ń gbé eéfín ẹja yíyan bọ̀ láti Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja tó wà létí omi, òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí a fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sì jáde láti ṣọ́ọ̀bù wa lọ pàdé rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá tún dá sí i níparí ọdún, tí eruku gbẹ mọ́ ihò imú, àgbàlagbà á kàn dúró lójú ọ̀nà, á fa imú, á ní ọdún ti dé. Ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi síbẹ̀. Àwọn ará ilé mi ní Ìjẹ̀bú máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń fara da òórùn yẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé tí mo bá sùn níbi tí kò ti sí i, ojú mi kì í padé.

Ọ̀sẹ̀ Àdúgbò wa máa ń bọ́ sáàárín Kérésì àti ọdún tuntun. Kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ ọlọ́tí kankan. Àwa ará ibẹ̀ la dá a sílẹ̀ fúnra wa, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọdé ní ọjọ́ tí wọ́n ń yàwòrán sára ògiri. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìyá Àsàlátù ní ọjọ́ tiwọn, abẹ́ kánópì kan náà ni wọ́n sì ń jókòó sí, tí wọ́n á máa figagbága láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ pé òun ń figagbága. Ọjọ́ àwọn ọmọ oníjó Bàrígà, ojú títì ni wọ́n ti ń ta kìtì bí ẹni tí kò léegun. Àwa onítẹ̀wé la máa ń ṣe àsíá. A ó gé pépà tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọdún sí onígun mẹ́ta, a ó so ó mọ́ okùn láti òrùlé dé òrùlé, tí àdúgbò á fi dà bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ ló ni ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ náà ni eré ìje ọkọ̀ lórí ọ̀sà, gbogbo wa á sì gbé àga láti ilé, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté lọ wòran.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn kan ti ń da yanrìn sí bèbè ọ̀sà. Wọ́n ní ilé olówó iyebíye ni àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Wọ́n mọ odi, wọ́n fi géètì onírin sí i, ojú ọ̀nà tí àwọn apẹja ń gbà lọ sómi sì bọ́ sínú odi náà. Nígbà náà, wọ́n ṣì máa ń ṣí géètì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé kò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́ àfi apẹja mélòó kan, pé lẹ́yìn ọdún àwọn á tì í pa. Eré ìje yẹn nìkan ló kù tí gbogbo àdúgbò fi ń kóra jọ sí èbúté. Bí ọkọ̀ ò bá kan omi lọ́dún yẹn, wọ́n á ní ìlú ti gbàgbé èbúté rẹ̀, kò sì ní sí ohun tí a máa nawọ́ sí láti já wọn nírọ́.

Alága ìgbìmọ̀ Ọ̀sẹ̀ Àdúgbò jẹ́ onílé kan lápá Palmgrove, ọkùnrin tó máa ń wọ agbádá funfun wá sí ìpàdé ènìyàn mẹ́fà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Àwọn oníyanrìn ti ṣèlérí kánópì àti sípíkà fún un, nítorí náà ó mú àbá kan wá.

"Ká má wá wàhálà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ wá sí pápá ní Ṣómólú, ká gbé e gun orí pèpéle, ká fi òdòdó sí i lára. Àwọn àlejò á máa ya fọ́tò nídìí rẹ̀."

Ìyá àgbà kan láti Ìlàjẹ wà níjókòó, ìyá tó ń yan ẹja, tí eéfín ti sọ ẹyinjú rẹ̀ di pupa. Òun ló ń dá orin ìtukọ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí eré ìje náà, òun ló sì máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀ láti darí rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

"Alága," ni ìyá náà wí, "ọkọ̀ tí kò kan omi, kí là ń pè é?"

"Ọkọ̀ náà ni, Màmá."

"Pákó ni. Ẹ sì mọ ohun tí èmi ń fi pákó ṣe."

A rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbìmọ̀ á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìwọ náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu ìgbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà ni ìyá náà ń ṣe. Àṣà kan wà tí àwa ará òkè ò mọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdọọdún là ń wò ó. Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ ìje kúrò nílẹ̀ lé èjìká báyìí, ni ìyá náà á dá orin. Orin yẹn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀, títí ìdí ọkọ̀ á fi kan omi. Ẹni tó dá a nìkan ló lè parí rẹ̀, ẹlòmíràn ò lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí orin bá kú lórí ilẹ̀, ọkọ̀ náà ti kú nìyẹn. Wọ́n á là á, wọ́n á fi dáná. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni ìyá náà gbé sórí ọ̀fun ara rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ọjọ́ ìkẹyìn pé. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlàjẹ pẹ̀lú àga mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn atukọ̀ gbé ọkọ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé ìyá náà, ìyá náà na àjẹ̀ ìtukọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó dá orin, wọ́n gbè é, a sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé ìdí géètì, àgádágodo tó tó orí ọmọdé ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn," ni ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ wí.

"Ọ̀gá ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ," ni sìkiọ́rítì dáhùn. "Ẹ má bínú sí mi. Èmi náà, iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún."

Ẹnì kan pe alága lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Alága ní, "Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ẹ rọra gbé e bọ̀ ní pápá. Àwọn àlejò ti ń jókòó." Ọ̀rọ̀ náà kò yà á lẹ́nu. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé kò yà á lẹ́nu rárá.

Ìyá náà kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn, torí orin wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí géètì, ó fi àjẹ̀ gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ọ̀ǹ, orí ìró orin gẹ́lẹ́ ló sì gbá a sí. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí i. Ó na àjẹ̀ sí ọ̀nà Bàrígà.

"Màmá, ṣé pápá là ń lọ lóòótọ́?" ni atukọ̀ tó wà níwájú bi í.

Inú orin ni ìyá náà ti dá a lóhùn:

"Omi ò nílẹ̀kùn, ta ló tì í?
Ibi omi wà ni mo ń lọ."

Wọ́n gbè é: "Ẹ tù ú, ẹ tù ú lọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ lórí títì nìyẹn. Mo gbé àga mi lé orí, mo ń bá wọn lọ. Àwọn kan gbé ọkọ̀, àwọn tó kù tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n ń fi àjẹ̀ wọn ha ojú ọ̀dà bí ẹni ń ti omi sẹ́yìn, eruku sì ń fò bí ìfófòó omi. Nígbà tí a dé Bàrígà, àwọn ọmọ oníjó já wọnú ìlà. Àwọn tí kò ní àjẹ̀ mú ìgbálẹ̀, wọ́n mú igi, ẹnì kan mú pátákó tí wọ́n kọ "fọkanáísà" sí. Ọlọ́kadà dúró, ó paná ọ̀kadà rẹ̀. Mo rò pé eré ni títí tí mo fi wo ojú ìyá náà.

Ọ̀fun rẹ̀ ti ń gbẹ. Oòrùn mú, ọyẹ́ ń fà á lómi ẹnu, eéfín ẹja ogójì ọdún sì wà nínú àyà yẹn. Mo já ọ̀rá omi fún un. Ìgbà tí àwọn elégbè bá ń gbè ló ń ráyè fi omi kan ètè. Nígbà tí ó tún dá a, ohùn rẹ̀ ya lójú kan bí aṣọ. Àwọn tó gbé ọkọ̀ wo ara wọn.

Obìnrin kan ń fọṣọ níwájú ilé rẹ̀, ó wò wá títí.

"Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹ ti ṣìnà," ó ní. "Ẹ̀yìn yín lọ́hùn-ún ni omi wà."

"Wọ́n ti tì í, Àǹtí," ni mo dáhùn.

"Wọ́n ti kí ni?"

"Omi náà ni. Wọ́n fi àgádágodo tì í."

Ó wo abọ́ ìfọṣọ iwájú rẹ̀. Ó fún aṣọ inú rẹ̀, ó jù ú sórí okùn, ó gbé abọ́ náà dìde. "Èyí ò ní àgádágodo ní tiẹ̀," ó ní, ó sì dà á sójú títì níwájú ọkọ̀.

Ọ̀dà gbígbóná mu ún kí a tó ṣẹ́jú. Àwọn atukọ̀ wo ojú ìyá náà, ó mi orí: kò tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ti rí i, ó sì ti yé wọn. Obìnrin náà lọ pọn òmíràn. Nígbà tí a fi máa rìn dé Ṣómólú, garawa wà lórí, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́, àwọn bàbá ti gbé bútà àlùwàlá jáde láti mọ́ṣáláṣí, àwọn akọrin Onítẹ̀bọmi gbé ọ̀rá omi tí wọ́n rà fún ara wọn. Mo ju àga mi sí ṣọ́ọ̀bù, èmi àti àwọn onítẹ̀wé ẹgbẹ́ mi sì yí dúrọ́ọ̀mù omi wa jáde, pẹ̀lú íǹkì búlúù tó ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Alága wà lórí pèpéle, ó mú gbohùngbohùn dání. "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún àwọn ará Ìlàjẹ," ó ní. "Ẹ gbé e bọ̀ lókè níbí."

Kò sẹ́ni tó gòkè. Ibì kan wà níwájú pèpéle yẹn tó jin kòtò, ibẹ̀ ni omi òjò máa ń dá sí. Lọ́jọ́ yẹn ó gbẹ, ó là. Obìnrin afọṣọ ló kọ́kọ́ da tiẹ̀ sí i.

"Kí lẹ ń ṣe?" ni alága wí nínú gbohùngbohùn. "Ẹ ń fi omi ṣòfò lójú àlejò."

"Omi ló dànù, Alága," ni obìnrin náà dáhùn láìwo òkè. "Agbè ò fọ́."

A dà á, ilẹ̀ mu ún. A tún dà á, ilẹ̀ tún mu ún. Ohùn ìyá náà ti tín-ín-rín bí òwú, àfi ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló lè gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn ìyá Àsàlátù àti àwọn akọrin, àwọn tó ti ń figagbága látọdún mọ́dún, jọ gba ègbè náà, wọ́n gbé e débi pé ìyá náà kò nílò ju ọ̀rọ̀ kan lọ láàárín. Ó ń ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, wọ́n ń gbé e. Omi dúró. Ó kọ́kọ́ dà bí awẹ́ dígí, ó wá tẹ́ lọ. Àwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ kan omi, ó dún jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn pọ́n ètè lá.

Ìyá náà parí orin.

Ó wọ inú ẹrẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó lọ jókòó sí ìdí rẹ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó ká agbádá sókè. "Màmá, ẹ dójú tì mí," ó ní pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀.

"Rárá o," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn àtijọ́. "Ẹ ní ká gbé ọkọ̀ wá fún àlejò. A kàn bá yín gbé omi rẹ̀ mọ́ ọn ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò gbé àga lọ sídìí géètì. A kò ju òkúta, a kò bú ẹnikẹ́ni. A tò ó, a jókòó bí ẹni ń wo eré ìje, a sì ń wo irin. Alága náà wá, ó gbé àga tiẹ̀ dání. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀nà tóóró ni wọ́n ya fún wa nínú odi náà títí dòní, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbà á kọjá.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ti ìdálẹ̀ wá ṣọdún máa ń béèrè pé nígbà tí ọ̀nà ti ṣí, kí ló dé tí a ṣì ń gbé ọkọ̀ yí Bàrígà àti Ṣómólú ká kí a tó gbé e lọ sí ọ̀sà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀nà tí ènìyàn ṣí, ènìyàn lè tì í. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìgbà tí wàhálà bá parí la ń ṣọdún. Ìyá yẹn ló kọ́ mi pé ọdún ṣíṣe lè jẹ́ ọwọ́ tí a fi di ilẹ̀ wa mú. Òun náà ti sùn báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dá orin náà, ohùn tirẹ̀ sì le ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Bí o bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn Ọ̀sẹ̀ Àdúgbò, tí o rí garawa omi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé láti Ìlàjẹ dé Ṣómólú, má ṣe bi wá pé ṣé iná ń jó ni. Gbé tìrẹ náà jáde.